Fóònù tí kò sí Google nínú rẹ̀: ta gan-an là ń sá fún?

Fóònù tẹ́ ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí lálẹ́ àná kò sùn. Ẹ̀yin lẹ sùn. Lọ́dún 2021, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Trinity College nílùú Dublin, Douglas Leith, gbé fóònù Android kan àti iPhone kan kalẹ̀, kò fi wọ́n pe ẹnikẹ́ni, ó kàn ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síta. Ohun tó rí ni pé, ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú 4.5 síra wọn ni fóònù kọ̀ọ̀kan ń jábọ̀ fún iléeṣẹ́ tó ni ètò tó wà nínú rẹ̀. Ti Android ló wá pọ̀ jù, torí ohun tí Google ń gbà lára fóònù tó ìlọ́po 20 ohun tí Apple ń gbà. Google fárígá, wọ́n ní ọ̀nà tó gbà ṣe ìṣirò rẹ̀ kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé fóònù náà kì í ránṣẹ́.

Àárín Ṣómólú àti Bàrígà ni mò ń gbé, níbi tí wọn kì í ti í fi ọ̀rọ̀ fóònù ṣeré. Àtọmọ Unilag tó gba yàrá sí Àkọkà, àtẹni tó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ní Bajulaiye, àtọmọ tó ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá kótópó tó ń retí pé òun náà á dà bí Olamide tó ti Bàrígà jáde, fóònù ni ọ́fíìsì gbogbo wọn. Láàárín àwọn tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa nínú wọn, ọ̀rọ̀ kan ti wá di àṣà: "Yọ Google kúrò." Ìyẹn ni pé kéèyàn pa ètò tó ń darí fóònù rẹ̀ rẹ́ pátápátá, kó gbé òmíràn sí i tí kò ní máa bá Google sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ Android wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè mú kóòdù rẹ̀ kó fi ṣe tirẹ̀. Ohun tí Google gbé lé e lórí ni Google Play Services. Òun ló ń bá áàpù yín gba ìfitónilétí, òun ló ń wá ibi tẹ́ ẹ wà, àṣẹ tó sì ní lórí fóònù náà ju tẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó yín rà á lọ. Àwọn tó ń ṣe ètò mìíràn á mú Android, wọ́n á gé apá yẹn sọnù. LineageOS wà, òun ló rọ́pò CyanogenMod lópin ọdún 2016. /e/OS wà, ti Gaël Duval, ọmọ ilẹ̀ Faransé. GrapheneOS náà wà, èyí tó gbájú mọ́ ààbò jù lọ nínú wọn, fóònù Pixel ni wọ́n sì ṣe é fún. Ta ló ń ṣe Pixel? Google. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹni tó bá fẹ́ sá fún Google dáadáa, ọwọ́ Google ló ti máa ra bàtà tó máa fi sáré.

Àwọn atúnfóònùṣe tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Bàrígà lè bá yín fláàṣì fóònù, owó yín ni wọ́n ń wò. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé LineageOS sí i tán, ṣé ẹ ó dá Play Store padà? Ọ̀kan fi mí rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá lọ́yà, láìsí Play Store, kí lẹ fẹ́ fi fóònù ṣe? Kẹ́ ẹ máa fi tan iná?" Ìdáhùn rẹ̀ dùn, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni owó oníbàárà ti ń wọ igbó. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2021 yẹn náà, Leith àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh tún yẹ fóònù Samsung, Xiaomi, Huawei àti Realme wò, wọ́n fi LineageOS àti /e/OS kún un. LineageOS tí wọ́n gbé áàpù Google sí ṣì ń ránṣẹ́ sí Google ní tirẹ̀. /e/OS nìkan ni ohun tó ń fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan. Ẹni tó sanwó fláàṣì, tó tún ní kí wọ́n dá Play Store padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, aṣọ ló pààrọ̀, kò wẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Fọlá Agoro tó ṣe é dójú àmì. Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ló ń ṣe, kò gba gbẹ̀rẹ́. Ó lọ sí Computer Village ní Ìkejà láti ra Pixel tòkunbọ̀, torí Google kò gbé Pixel wá tà ní Nàìjíríà fúnra wọn. Èyí tó kọ́kọ́ gbé délé, iléeṣẹ́ Verizon ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ tà á, irú ìyẹn kì í gbà kéèyàn ṣí i láti gbé ètò mìíràn wọ inú rẹ̀. Ó dá a padà pẹ̀lú ariwo. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ṣí sẹ́tìńgì rẹ̀ níwájú olùtajà kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún Pixel 3 àti 4 tó rọ̀jù lówó, Google kò fún wọn ní àtúnṣe ààbò mọ́.) Èyí tó rà ṣìkejì dára. Kò tó wákàtí kan tí GrapheneOS fi wọ inú rẹ̀. Ó gbé Google Play sí i pàápàá, torí GrapheneOS máa ń jẹ́ kéèyàn gbé e sí i bí áàpù lásán tí kò ní àṣẹ kankan ju ti àwọn yòókù lọ. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tuntun.

Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí láti ilé oúnjẹ kan nítòsí Onípànù. Ó ti jẹ àmàlà tán, ó ti jẹ ṣàkì tán, ó ṣí áàpù báǹkì rẹ̀ láti sanwó, áàpù ní fóònù rẹ̀ kò ní ààbò, ó sì ti ara rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ dúró tì í. "Ọmọ mi, ṣé transfer náà ti wọlé?" Èmi ni mo fi owó náà ránṣẹ́ láti orí fóònù tèmi, tí Google kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Google ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Play Integrity. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí áàpù báǹkì tó ń lò ó, áàpù náà á bi Google léèrè pé, "Ṣé ẹ mọ fóònù yìí?" Bó bá jẹ́ pé ètò tó ń darí fóònù náà kò sí lára èyí tí Google fọwọ́ sí, Google á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, báǹkì á sì ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé wọ́n rí kòkòrò lára fóònù ọ̀rẹ́ mi o. Fóònù tó ń gba àtúnṣe ààbò déédéé ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé oúnjẹ yẹn, mo lè fi orí mi dúró pé èèyàn wà níbẹ̀ tó ń lo fóònù tí kò gba àtúnṣe kankan láti ọdún mẹ́ta, áàpù kan náà sì ń kí i káàbọ̀. Báǹkì kò bèèrè bóyá fóònù yín ní ààbò. Ohun tó bèèrè ni bóyá Google mọ̀ yín. Kì í ṣe gbogbo báǹkì ló ń ṣe é, àwọn kan ò tiẹ̀ bìkítà, àwọn kan ń gbà lónìí, wọ́n á kọ̀ lọ́la lẹ́yìn àtúnṣe áàpù. Ẹ ò lè mọ ọjọ́ tí tiyín á kàn.

Bó bá jẹ́ ìlú tí owó bébà ti pọ̀ nílẹ̀ ni, èèyàn á ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí CBN pààrọ̀ náírà tí owó wá di ohun tí à ń fi wákàtí mẹ́rin tò fún. Oṣù yẹn ló kọ́ gbogbo Ṣómólú ní transfer. Ìyá oníbùrẹ́dì kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sára páálí, oní-Márúwá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àga. Owó bébà ti padà dé, páálí yẹn ò kúrò níbẹ̀. Fóònù tí kò lè ṣe transfer ní Bàrígà lónìí, rédíò ni.

Ọ̀nà àbùjá wà. Kóòdù oníràwọ̀ tí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní, USSD, kò bìkítà nípa ètò tó wà nínú fóònù, kódà ó ń ṣiṣẹ́ lórí Nokia onítọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, inú owó ìpè yín ni wọ́n ti ń yọ náírà 6.98 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún wá rò ó wò: USSD ń gba ọwọ́ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kọjá, kò sì ní ìdìpọ̀ ààbò tí áàpù ní. Ẹ fi àṣírí yín pa mọ́ fún Google, ẹ wá gbé e gba iwájú ẹlòmíràn kọjá, ẹ tún sanwó ọ̀nà.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi padà ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe: fóònù méjì. Pixel fún iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ àṣírí, Infinix àtijọ́ fún owó. Infinix yẹn kì í jáde nílé mọ́ lálẹ́, èyí sì dára, torí àwọn tó ń já fóònù gbà lójú fèrèsé dáńfó kì í béèrè irú OS tó wà nínú rẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n ni, mi ò bá a jà. Ìbéèrè tí mo bi í ni pé: síìmù wo ló wà nínú Pixel? Síìmù tó so pọ̀ mọ́ NIN rẹ̀ ni. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo wa so nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ NIN, nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2022, ẹni tí kò bá so ó kò lè pe ìpè jáde mọ́. GrapheneOS kò lè tú ìsopọ̀ yẹn. BVN rẹ̀ wà níbẹ̀, WhatsApp rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo oníbàárà rẹ̀. Ojú kan ló dì; ojú yòókù ṣí sílẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé, kò sì jìnnà sílé. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ṣómólú lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀kan lára ibi tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ti gbilẹ̀ jù l'Ékòó ni àdúgbò wa, bébà wà nílẹ̀, íǹkì wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ẹ fẹ́ tẹ NIN slip yín jáde kí wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó. Wọ́n á ní, "Ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí lórí WhatsApp." Ẹ ó fi ránṣẹ́. Ó bọ́ sójú kọ̀ǹpútà wọn, níbi tí ti ẹni tó wá láàárọ̀ ṣì wà, àti ti àná, àti ìwé ẹ̀rí ilé ìwé ẹnìkan, àti pásípọ́ọ̀tù ìyá arúgbó kan tó ń lọ sí Mẹ́kà. Mo bi ọmọkùnrin tó jókòó sídìí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn pé ìgbà wo ló máa ń pa wọ́n rẹ́. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Bó bá ti kún."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òfin kan wà tó kan ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe rí lókè lọ́hùn-ún pàápàá: nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, ìwé ìròyìn FIJ tú àṣírí ìkànnì kan tó ń jẹ́ XpressVerify, tó ń ta ìsọfúnni tó wà lórí NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, àjọ Paradigm Initiative tún rí òmíràn, AnyVerify, tó jẹ́ pé náírà 100 péré lẹ ó fi ra NIN tàbí BVN ẹlòmíràn. Àjọ NIMC ní kò sẹ́ni tó já wọ ibi tí àwọn kó nǹkan pa mọ́ sí. Kó rí bẹ́ẹ̀. Náírà 100 kò lè ra omi inú ọ̀rá mẹ́ta l'Ékòó mọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá wá bá mi nípa fóònù pé kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹni tó ń sá fún.

Bó bá jẹ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí áàpù lẹ̀ ń sá fún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí ibẹ̀ ni OS mìíràn ti lè ranni lọ́wọ́ gidi. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn: ẹ yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹ pẹ́ ọjọ́ méjì, àtẹ̀jáde ti dé sórí fóònù ọ̀gá yín, àna yín àti pásítọ̀ yín pé olè ni yín. Inú ìwé nọ́ńbà yín ni wọ́n ti kó wọn. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé iléeṣẹ́ tó ni Sokoloan lórí torí irú ìwà yìí, àjọ FCCPC náà sì lọ ká àwọn kan mọ́ ọ́fíìsì wọn l'Ékòó ní oṣù Kẹta ọdún 2022. GrapheneOS ní ohun kan tó ń jẹ́ Contact Scopes: bí áàpù bá ní òun fẹ́ rí ìwé nọ́ńbà yín, ẹ ó ní kó wọlé, á wọlé, á bá yàrá òfìfo. Kò ní mọ̀ pé ẹ tan òun. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fún oníǹkan ní nǹkan rẹ̀. Ẹni tó gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ wọn jù kì í ṣe GrapheneOS, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Google ni. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google fòfin de áàpù ayánilówó tó bá ń wo ìwé nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù, kò gbọdọ̀ sí lórí Play Store mọ́. Àwọn ayánilówó tó kù wá ń fi áàpù wọn ránṣẹ́ tààrà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ ibí, kẹ́ ẹ gbà á wọlé fúnra yín. Ẹni tó ti yọ Google kúrò, tó ti mọ́ ọn lára láti máa kó áàpù wọlé láti ibikíbi, òun gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá lé ẹ̀ṣọ́ dànù ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́lé.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń retí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó bá gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, tó sì di irun, mọ ohun tó ń jẹ́ "Mú fóònù wá, ṣí i." Ọ̀gá ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, fòfin de wíwo fóònù ará ìlú láìnídìí lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, lọ́jọ́ 11 wọ́n tú SARS ká pátápátá. Abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo ilé wa, ìwé tí à ń kọ síra wa àti ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lórí fóònù. Abala 45 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sì ní ọwọ́ adájọ́ ni kí agbófinró lọ gba àṣẹ. Ẹ̀yin àti èmi mọ bí ọ̀rọ̀ òfin ṣe ń rí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lábẹ́ bírííjì.

GrapheneOS ti ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan láti ọdún 2024: bí wọ́n bá fipá mú yín ṣí fóònù, tẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ ọ máa ń pàtẹ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ka ìwé òfin, mi ò pàtẹ́wọ́. Bí agbófinró bá ní àṣẹ ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ wá pa ohun tó lè jẹ́ ẹ̀rí rẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun lẹ dá yẹn, ó sì lè rọrùn fún wọn láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ju èyí tí wọ́n torí rẹ̀ dá yín dúró lọ. Bí kò bá sì sí àṣẹ, fóònù tó ṣófo lójijì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ̀n, kí lẹ rò pé wọ́n á pè é? Lọ́dún 2025, ìròyìn jáde láti Catalonia ní Spain pé àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ti ń fura sí ẹni tó bá mú Pixel lọ́wọ́, torí àwọn tó ń gbé oògùn olóró ń lo GrapheneOS. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Spain, ọmọ Yahoo ni wọ́n á pe tiyín ní Pedro, kẹ́ ẹ tó la ẹnu. Ohun tó wúlò ju nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lọ ni kẹ́ ẹ pa fóònù náà pátápátá bẹ́ ẹ bá ti ń wo ọlọ́pàá lókèèrè. Ìyẹn kò pa nǹkan kan rẹ́, fóònù tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, tí wọn ò tíì tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí, ló máa ń le jù láti tú.

Gbogbo èyí tí mo ń sọ, ẹni tó lè ra Pixel ni mò ń bá wí. Ẹni tí kò lè rà á ńkọ́? Lóṣù Kẹjọ ọdún 2020, iléeṣẹ́ Upstream tó ń rí sí ààbò orí fóònù sọ pé àwọn rí kòkòrò tó ń jẹ́ Triada àti xHelper nínú fóònù Tecno W2 tí wọ́n ń tà ní Áfíríkà, láti Gánà dé Ethiopia. Kí oníbàárà tó tú u nínú páálí ló ti wà níbẹ̀. Ó ń jẹ owó ìpè àti dátà wọn, ó ń fi orúkọ wọn sanwó ohun tí wọn ò rà. Transsion tó ń ṣe Tecno ní ọwọ́ ẹnìkan nínú àwọn tó ń bá àwọn kó nǹkan ló ti wọlé, àti pé àwọn ti tún un ṣe. Ẹni tó ra fóònù olówó pọ́ọ́kú fi nǹkan mìíràn san ìyókù owó náà. Òun gan-an ni ì bá jàǹfààní ètò mìíràn jù, òun náà ni kò sí fún: ẹ ò ní rí Tecno àti Itel nínú àwọn tí GrapheneOS ń gbà. Bí atúnfóònùṣe kan bá sì bá yín wá nǹkan gbé sí i tipátipá, tó fi ìdè ìbẹ̀rẹ̀ fóònù náà sílẹ̀ ní títú, ẹni tó bá jí i lè gbé tirẹ̀ náà sínú rẹ̀ láìsí wàhálà.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ báǹkì ni mo padà sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Àwọn oníjìbìtì máa ń tú fóònù láti fi tan áàpù jẹ, owó tó bá sì sọnù, ọrùn báǹkì ni wọ́n á dì mọ́. Òótọ́ ni. Kí wọ́n yẹ fóònù wò, mi ò ní kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́. Àmọ́ Android fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tí áàpù lè gbà bi ẹ̀rọ inú fóònù léèrè tààrà irú ètò tó wà nínú rẹ̀, bóyá wọ́n sì ti fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń ṣe GrapheneOS ti kọ bí báǹkì ṣe lè ṣe é sí gbangba, ọ̀fẹ́ ni. Báǹkì tó ní àṣẹ CBN, tó ń gba owó ọmọ Nàìjíríà, kò yẹ kó gbé kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì wa fún iléeṣẹ́ kan ní California pé kó máa pinnu ẹni tó lè fọwọ́ kan owó rẹ̀.

Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 kò dárúkọ GrapheneOS, ṣùgbọ́n kò ṣófo. Abala 24 rẹ̀ ní ohun tí ẹ bá nílò nìkan ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn. Abala 37, tó ṣe kòńgẹ́ nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní èèyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má dá ẹjọ́ tó máa kan ìgbé ayé rẹ̀ lọ́nà tó lágbára. Áàpù tó wo fóònù, tó bi ẹ̀rọ ẹlòmíràn léèrè, tó sì ti ilẹ̀kùn owó mọ́ onílé láìsí èèyàn kankan tó dá sí i: bí ìyẹn kì í bá ṣe ìdájọ́ ẹ̀rọ, kí ni? Agbẹjọ́rò tó ń wá ẹjọ́ tó máa fi gbajúmọ̀, ẹ gbé e. Àjọ NDPC tó ń mójú tó òfin náà kò sì ṣojo: oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 555.8 náírà lé Fidelity Bank lórí, nínú oṣù Kejì ọdún 2025 wọ́n tún bu mílíọ̀nù 32.8 dọ́là lé Meta.

Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò nílò lọ́yà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni, ojú ìwé kan péré. Abala 34 òfin náà ló fún yín lágbára. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kọ tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni ní báǹkì rẹ̀, torí òfin sọ pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi tiwọn gbọ́dọ̀ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: kí lẹ̀ ń gbà lára fóònù mi nígbàkigbà tí mo bá ṣí áàpù yín, ta lẹ̀ ń fi hàn, àti èwo nínú wọn ló mú kẹ́ ẹ tì mí síta? A ní kí èèyàn fọwọ́ sí èsì náà, kó má jẹ́ ẹ̀rọ. A fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí NDPC. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí a ṣe kọ ọ́, kó kàn sí mi, màá fún un, ó kàn máa yí orúkọ báǹkì padà ni.